Ojú Ínjì Mẹ́sàn-án, Mẹ́fà, Mẹ́ta

Etí ni Síkírù fi ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n ìwé pélébé kan kì í kúrò lápò rẹ̀. Ohun tójú ẹ̀ bá rí ló ń kọ sí i. Kì í bù kún un, kì í bù kúrò.

Lọ́sẹ̀ yẹn, òun àti Jedidiah ń gbẹ́ ojú ínjì, ìyẹn àyè tí irin tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí máa ń jókòó sí, sára ilẹ̀kùn méjìlá ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Kemta. Pátánì, ìyẹn pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ti dá ihò sí, ni wọ́n ń gbé lé ilẹ̀kùn, ráótà, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ igi, á wá máa yí nínú ihò náà. Bọ́ọ̀ṣì, òrùka irin tó yí ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà po, ni kì í jẹ́ kó kọjá ààlà. Skúrù méjì ló di òrùka ọ̀hún mú. Eyín ọ̀kan nínú wọn ti jẹ tán, kì í dì mú dáadáa mọ́.

Síkírù kọ ọ́ sílẹ̀. Àtìní: ojú ínjì mẹ́sàn-án kí skúrù náà tó tú. Àtàláátà: mẹ́fà. Àlàrùba: mẹ́ta. Ìlà Àlàmísì ṣì ṣófo.

"Jedi, fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀. Màá lọ ra skúrù tuntun lọ́la."

"Bọ̀ọ̀dá Síkírù, lọ́la kẹ̀? Ọ̀la làwọn ará Èkó yẹn ń bọ̀ wá kó ilẹ̀kùn wọn. Mo ti fi téèpù wé skúrù náà."

"Téèpù? Ṣé egbò ni?"

Jedidiah bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àti ìwé yín! Ó kù kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ ikú mi síbẹ̀."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ọwọ́ òsì ẹ ni mò ń wò."

Jedidiah kì í kan pátánì mọ́lẹ̀. Ọwọ́ òsì yẹn ló fi ń tẹ̀ ẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò gan-an.

"Mo ti gbọ́. Ẹ lọ kírun yín, màá dúró."

Síkírù gbé búta lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kó tó da omi sí tòsì, ẹ̀rọ ti ń ké.

"Jedi!"

Ariwo ẹ̀rọ gbé ohùn rẹ̀ mì. Etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohùn náà lọ sókè, ó rọlẹ̀: ojú ínjì kan. Ó tún lọ sókè. Èyí kò dán. Ó ń gbọ̀n bí eyín ẹni tí otútù mú, àfi gbàgà tí irin kan irin.

Síkírù sáré wọlé, ó fa pọ́lọ́ọ̀gì yọ. Òrùka ti bọ́, ọ̀bẹ ti ya pátánì gba ẹ̀gbẹ́ òsì jáde. Jedidiah di ọwọ́ mọ́ àyà. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí ilẹ̀kùn tuntun.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi ka ìka mi. Mi ò lè wò ó."

Síkírù rọra ṣí ọwọ́ náà. Ó kà á. Ó tún un kà.

Ìka mẹ́rin ló kù, lẹ́ẹ̀kejì náà.