Bátìrì Kílò Márùn-ún

Ní ọjọ́ tí Gàfárù lọ ra bátìrì fífúyẹ́ ní Olódò, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó kù nínú ọkọ̀ rẹ̀ tí ènìyàn lè pè ní ọkọ̀ mọ́. Ó ti yọ àga ẹ̀yìn. Ó ti yọ àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, jáàkì, táyà sípíà, àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Zubaidah ìyàwó rẹ̀, tó máa ń jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ sí ìgboro tẹ́lẹ̀, ti di èrò ọ̀kadà. Rédíò nìkan ni kò yọ, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ tó tóbi bí àpótí aṣọ. Ó ní ẹni tó bá borí gbọ́dọ̀ fi orin wọlé.

Eré Iléyá ló fa gbogbo èyí. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ọlọ́kọ̀ Akanran máa ń to ọkọ̀ ní méjì-méjì sórí títì tuntun tó lọ gbọọrọ láìní kọ́nà, wọ́n á sáré láti ìdí òpó iná kan dé ìdí òpó mìíràn. Kò gba ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá borí á gba àgbò kan, ní ọjọ́ tí ẹran ti sú gbogbo ìlú. Nítorí àgbò yìí, Gàfárù kò sùn dáadáa láti ọdún tó kọjá, nígbà tí Jìmí oníbúlọ́ọ̀kù fi imú bọ́nẹ́ẹ̀tì lásán ṣáájú rẹ̀.

Iṣẹ́ Gàfárù ni kòkó rírà. Àlàájì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pápákọ̀ òfurufú gan-an kò tíì dé rí, ká má tíì sọ Mẹ́kà. Àwọn àgbẹ̀ á gbé kòkó wá sí ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n á fi kọ́ ìwọ̀n olójú bí aago tó so mọ́ igi àjà, Gàfárù á yọ ojú wò ó, á sì pe iye kílò rẹ̀ jáde bí ẹni tó ń kéwú. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó gbé ìwọ̀n náà lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan ní ìgboro, onítọ̀hún sì fọwọ́ kan sípíríǹgì inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ohun tó bá jẹ́ kílò márùn-ún, mẹ́rin ni ìwọ̀n yẹn ń pè é. Tí kòkó bá dé orí ìwọ̀n ilé-iṣẹ́ ní Ìbàdàn, kílò tó sọnù á tún yọjú. Gàfárù kì í pè é ní olè. Àlùbáríkà ojú ọ̀nà ló ń pè é, ó sì ti pè é bẹ́ẹ̀ pẹ́ débi pé òun fúnra rẹ̀ ti gbà á gbọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló lè tú àṣírí ayé rẹ̀: kí ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ bó ṣe wúwo tó lọ gun orí ìwọ̀n yẹn. Fún ọdún mẹ́sàn-án, kò ṣẹlẹ̀. Àgbẹ̀ wo ló mọ iye kílò kòkó tirẹ̀ kó tó gbé e dé ìsọ̀?

Ní Olódò, obìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwaṣìkẹ́mi ló ni ṣọ́ọ̀bù bátìrì. Ó gbé mẹ́ta síta fún un.

“Èyí jẹ́ olójé, sà, kílò mẹ́sàn-án ni. Èyí tó kéré yìí, kílò méjì, ọ̀kadà ló wà fún. Lítíọ́mù ni ẹ̀kẹta, kílò márùn-ún.”

Gàfárù ti na ọwọ́ sí ti ọ̀kadà. “Kílò méjì! Èyí ni màá gbé.”

“Kò lè yí ẹ́ńjìnnì yín, sà. Á kàn máa kọ ‘kì-kì-kì’ fún yín ni. Kì í ṣe fífúyẹ́ nìkan là ń wò. Ṣé agbára rẹ̀ tó láti ta ọkọ̀? Ṣé orí rẹ̀ bá wáyà yín mu? Ṣé ẹ ní irin tí ẹ máa fi dè é mọ́lẹ̀?”

“Èyí tó kù yìí ńkọ́, báwo ló ṣe wúwo tó?” ló tún bi í, bí ẹni pé kò sọ̀rọ̀ kankan.

Ó yí lítíọ́mù náà sẹ́yìn fún un. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà: kílò márùn-ún.

“Ṣé ó dá ọ lójú? Olè ti pọ̀ jù nínú ẹ̀yin ọlọ́jà. Bí ayé ṣe wá bàjẹ́ tó rèé, kí ènìyàn máa kọ kílò irọ́ sára ọjà!”

Olúwaṣìkẹ́mi kò bá a fà á. Ó gbé bátìrì náà ka orí ìwọ̀n tirẹ̀. Márùn-ún géérégé.

“Ti inú ọkọ̀ yín báyìí á tó kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sà. Kílò mẹ́wàá lẹ máa yọ kúrò, owó bátìrì yìí sì tó owó àpò kòkó kan gbáko.” Ó wo ikùn Gàfárù láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ẹ má bínú o, sà. Tó bá jẹ́ kílò mẹ́wàá lẹ ń wá, ẹ ò ṣe kọ́kọ́ wo abẹ́ bùbá yín ná? Ọ̀fẹ́ nìyẹn.”

“Gba owó ẹ, jàre.”

“Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí. Ó lágbára láti ta ọkọ̀, àmọ́ iná tó ń fi pamọ́ kò pọ̀. Tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì, ẹ pa rédíò náà.”

“Ta ló bi ọ́ léèrè rédíò?” ni Gàfárù wí, ó sì gbé bátìrì rẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ eré, èrò ti kún ìsọ̀ kòkó bámú. Jìmí, tí ọgbà búlọ́ọ̀kù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, rí bátìrì náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Àlàájì, oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé ni, àbí kí ni mò ń wò yìí?”

“Bátìrì kílò márùn-ún ni. O ò rí irú ẹ̀ rí.”

“Irọ́! Bátìrì ọkọ̀ kì í ṣe kílò márùn-ún.”

Ibi tí Gàfárù ti ṣìnà rèé, ìgbéraga ni ó sì gbé e débẹ̀. Kò ronú. Ó fi okùn so bátìrì náà, ó gbé e kọ́ ìwọ̀n ara rẹ̀ níwájú gbogbo èrò, ó yọ ojú wò ó bó ṣe máa ń ṣe, ó sì kígbe:

“Mẹ́rin! Ẹ wá wò ó! Márùn-ún ni wọ́n kọ sí i, kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀! Wọ́n tún bá mi yọ kílò kan lọ́fẹ̀ẹ́!”

Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Hàjàrá kò pa tirẹ̀. Opó ni Hàjàrá, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, láti ọdún mẹ́sàn-án yẹn ni ó sì ti ń ta kòkó oko ọkọ rẹ̀ fún Gàfárù.

“Gàfárù, ta ló kọ márùn-ún sí i lára?”

“Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni, Màmá.”

“Ìwọ̀n ta wá ló ní mẹ́rin?”

Gàfárù yára fi ọwọ́ bo ojú ìwọ̀n náà.

“Iná inú ẹ̀ ló jò, Màmá. Iná máa ń wúwo. Láti Olódò ló ti ń jò bọ̀.”

“Háà. Bí kòkó mi náà ṣe ń jò láti oko nìyẹn?”

Èrò rẹ́rìn-ín. Gàfárù náà bá wọn rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ ló sì pariwo jù. Ó yára gbé bátìrì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó fi í sínú ọkọ̀, ó sì lọ tò sórí ìlà eré, tí kò jìnnà sí ìsọ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ ló fi dúró níbẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì kí epo má bàa tán, ó sì tan rédíò sókè gan-an, nítorí pé kò fẹ́ gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń sọ.

Nígbà tó kàn án, ọkọ̀ náà kọ́kọ́ lọ́ra kó tó ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ju aṣọ sílẹ̀ pé kí eré bẹ̀rẹ̀, ó fò! Kò sí àga, kò sí sípíà, kò sí Zubaidah. Gàfárù kọjá Jìmí bí ẹni tí wọ́n fi kànnàkànnà ta. Ó fi odindi ọkọ̀ kan ṣáájú dé ìdí òpó kejì. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kí orin máa lọ, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì ń jó yí ọkọ̀ rẹ̀ po, ó ń retí kí ìlú wá gbé e sókè.

Ẹnikẹ́ni kò wá. Nígbà tó yá, orin náà gé dúró fúnra rẹ̀.

Jìmí bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú fún oòrùn, ó wo ẹ̀yìn. “Àlàájì, àwọn èrò wà ní ìsọ̀ rẹ o. Ó jọ pé àpò sìmẹ́ǹtì mi ni wọ́n ń gbé yẹn.”

Kò sí ọmọdé ní Akanran tí kò mọ̀ pé àádọ́ta kílò ni àpò sìmẹ́ǹtì kan. Afẹ́fẹ́ gbé ohùn wọn wá láti ọ̀hún:

“Ogójì!”

Wọ́n ti gbé òmíràn kọ́ ọ.

“Ogójì!”

Jìmí yí padà sí i. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Mo mà ní oko kòkó, Gàfárù. Ìwọ ni mò ń tà á fún.”

Gàfárù bẹ́ sínú ọkọ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kì-kì-kì. Ó tún un yí. Kì-kì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ dá a lóhùn. Ìgbà yẹn ló rí àwọn obìnrin tó ń bọ̀ lórí títì, wọn kò sáré rárá. Hàjàrá ló ṣáájú.

Ó dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó wo inú ọkọ̀ tó ṣófo.

“Gàfárù, ọkọ̀ rẹ mà fúyẹ́ o.”

“Mo... mo yọ gbogbo ohun tó wúwo kúrò ni, Màmá.”

“A rí i. Èyí tó kù nínú ẹ̀ kò ní wọ̀ wá lọ́rùn. Má wulẹ̀ sọ̀kalẹ̀.”

Wọ́n lọ síwájú ọkọ̀, obìnrin mẹ́rin péré, wọ́n fi ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tì í. Ọkọ̀ náà kò yí. Gàfárù ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ bíréèkì.

Hàjàrá tẹ̀ ba sí fèrèsé. Ohùn rẹ̀ kò ga.

“Gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò lórí bíréèkì, ọmọ mi. Ìwọ̀n ló ń retí ẹ.”

Gàfárù wo títì gbọọrọ tó wà níwájú rẹ̀. Ó wo ojú ìyá náà. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọkọ̀ fífúyẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn padà sí ìsọ̀.