Bọ́tìnì Ìkẹyìn

Bí ẹ bá rán aṣọ lọ́dọ̀ Ìyá Bọ́tìnì, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ pé: ọrùn rẹ̀ gún, apá rẹ̀ ṣe déédéé, etí rẹ̀ kò wọ́. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì kan kò ní sí níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni, ó wà nínú àwo kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, ó ń dúró de owó yín. Bí owó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, yóò kan bọ́tìnì náà mọ́ ọn lójú yín, yóò fi eyín já òwú rẹ̀, yóò sì ní, "Ó yá, ẹ máa yan lọ." Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì rẹ́ ẹ jẹ rí.

Orúnkún rẹ̀ nìkan ló rẹ́ ẹ jẹ. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ọdún yìí, orúnkún ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ẹni tó ń tún máṣíìnì ṣe ní ìpẹ̀kun òpópónà ní ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó ń lo iná, tí wọ́n lè so mọ́ ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì kí ẹsẹ̀ lè sinmi. Owó Ìyá Bọ́tìnì kò tíì tó o rà, àmọ́ ẹni náà ní òun á bá a fi pamọ́ di ọjọ́ Sátidé. Bí Sátidé bá kọjá, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín.

Ibi tọ́rọ̀ dé dúró nìyẹn tí ẹ̀bùn fi dé. Ọkọ ìyàwó kan tó rán kóòtù fún ló fi ìdùnnú fi fáúṣà ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún ni, owó wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò ṣeé ná níbòmíràn àyàfi ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan láàárín ìgboro. Kí ni ṣọ́ọ̀bù náà sì ń tà? Aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀.

"Ẹ gbà mí o!" Ìyá Bọ́tìnì figbe ta. "Kí aránṣọ lọ máa ra aṣọ rírán? Ṣé ẹja ń ra omi ni?"

Onígbàjámọ̀ tó wà ní ìsọ̀ kejì, ẹni tó ń gẹrun fún gbogbo àdúgbò tí orí tirẹ̀ sì dán bí àwo, yọjú sí i. "Ẹ tà á lórí ayélujára. Ẹ dín owó rẹ̀ kù díẹ̀, wọ́n á rọ́ wá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! Gbájúẹ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju irun ilẹ̀ ìsọ̀ mi lọ. Ẹni tó bá ti rí nọ́ńbà yẹn ti ná an tán. Ẹ bò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó ya àwòrán rẹ̀."

"Èmi tí mò ń bo ara èèyàn kí wọ́n tó fún ọ ní abẹ! Èmi ni wàá kọ́ ní bíbò?"

Ó ní kí wọ́n bá òun tẹ fáúṣà náà sórí ìwé. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó tú àpò àjákù aṣọ rẹ̀ wò, ó sì mú èyí tó rẹwà jù níbẹ̀ bo nọ́ńbà náà. Ó ya àwòrán, ó gbé e síbi tí wọ́n ti ń tajà lórí ayélujára, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Aránṣọ ni mí, mi ò nílò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yàn mí jẹ, kó jókòó sílé ẹ̀."

Kò tíì rán apá ṣẹ́ẹ̀tì kan tán tí fóònù fi dún.

"Mọ́mì mi àtàtà," ohùn ọkùnrin kan ń kán bí oyin. "Mo ti sanwó o. Ẹ wo ìwé ẹ̀rí báńkì tí mo fi ránṣẹ́. Ẹ ṣáà fún mi ní mẹ́rin tó kù."

Ìyá Bọ́tìnì wo fóònù. Àwòrán ìwé ẹ̀rí wà níbẹ̀ lóòótọ́: orúkọ rẹ̀, iye owó, òǹtẹ̀ pupa rìbìtì. Ó ti rí ẹ́ńjìnnì lójú inú. Orúnkún rẹ̀ pàápàá panu mọ́. Ó sáré tiro lọ sí ìsọ̀ kejì.

"Mo ti tà á! Ó ní kí n fún òun ní mẹ́rin tó kù!"

Ìdajì irùngbọ̀n oníbàárà kan ni Onígbàjámọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ó gbé ọwọ́ dúró. "Mẹ́rin wo? Mẹ́rìndínlógún ni nọ́ńbà yín. Báwo ló ṣe mọ̀ pé mẹ́rin ló kù?"

 Onígbàjámọ̀ gba fóònù, ó fi ìka fẹ àwòrán náà lójú.

"Ìyá Bọ́tìnì, aṣọ wo lẹ fi bò ó?"

"Léèsì ni. Ojúlówó léèsì."

"Léèsì! Aṣọ tó jẹ́ pé ihò rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún!"

Lóòótọ́, nọ́ńbà méjìlá ti yọjú lójú ihò léèsì bí aládùúgbò tó ń yọjú wo ìjà. Òdòdó ńlá kan tí wọ́n fi òwú hun ló jókòó lé mẹ́rin tó kẹ́yìn, ohun tó kó wọn yọ nìyẹn. Èèyàn a máa fi ohun tó mọ̀ jù ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá. Ẹni tó fá irùngbọ̀n dé ìdajì rẹ́rìn-ín títí ó fi ya aṣọ ọrùn rẹ̀.

Bí inú bá ń bí Ìyá Bọ́tìnì, pínnì tó há sẹ́nu ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Ó yọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pa àwòrán náà rẹ́, ó pe báńkì rẹ̀. Kò sí owó kankan tó wọlé. Fóònù tún dún.

"Mọ́mì, mẹ́rin yẹn dà?"

"Ọmọ mi, kí ni ìwọ̀n àyà rẹ?"

"Ẹ̀n?"

"Mo fẹ́ ya àwòrán ṣẹ́ẹ̀tì kan fún ọ, kó o wọ̀ ọ́ jáde."

"Mọ́mì, ṣé ẹ ń bá mi ṣeré ni?"

"Àwòrán owó lo san, àwòrán aṣọ ni wàá wọ̀. Tí òtútù bá mú ọ, ya àwòrán iná kó o yá a!"

"Kó tún ya àwòrán irun ẹ̀ wá, kí n bá a fá a!" Onígbàjámọ̀ ń pariwo lẹ́yìn. Ọkùnrin náà ti lọ.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Bọ́tìnì rántí pé Ọjọ́bọ̀ ti dé. Ó ya àwòrán mìíràn. Jíǹsì ló fi bò ó lọ́tẹ̀ yìí, ìṣẹ́po méjì. Ó wá fi kún un pé: "Inú ṣọ́ọ̀bù náà gan-an la ó ti pàdé."

Obìnrin kan tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ awakọ̀ lọ́jọ́ Ajé ló dá a lóhùn. Wọ́n ní dandan ni kó wọ ṣòkòtò dúdú. Wọ́n pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, láàárín àwọn ère aláìlórí tó wọ kóòtù. Ìyá Bọ́tìnì kò lè kọjá lára aṣọ kan láì yí inú rẹ̀ síta. "Ta ló rán eléyìí? Ṣé ojú oorun ló wà ni?" Ẹni tó ń ṣọ́ ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Awakọ̀ wọ ṣòkòtò dúdú kan wò, wọ́n sì jọ dé iwájú ẹni tó ń gbowó. Níbẹ̀, Ìyá Bọ́tìnì fa sísọ́ọ̀sì yọ nínú báàgì, ó gé ìwé fáúṣà sí méjì, ó gbé nọ́ńbà méjìlá kalẹ̀, ó sì di mẹ́rin mú sọ́wọ́.

"Màmá, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé owó wà nínú ẹ̀?" ni awakọ̀ bi í.

"Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn." Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ mẹ́rin náà wúyẹ́wúyẹ́ sétí ẹni tó ń gbowó. Ìyẹn tẹ̀ ẹ́, ó wò ó, ó ní owó pé síbẹ̀. Awakọ̀ fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù tirẹ̀. Fóònù Ìyá Bọ́tìnì dún pé owó ti dé, kò gbà á gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ló pe báńkì. Àwọn tó tò sẹ́yìn ń pòṣé. Ó kàn wò wọ́n ni, bó ṣe máa ń wo ẹni tó bá ń kánjú gba aṣọ. Ìgbà tó gbọ́ pé owó ti wọlé tán ló tó ṣí ọwọ́, ó sì fi ìwé pélébé náà lé awakọ̀ lọ́wọ́.

"Ó yá, máa yan lọ. Àmọ́ ṣòkòtò yẹn ń wọ́lẹ̀. Gbé e wá, màá gé e fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ́ńjìnnì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Ṣòkòtò awakọ̀ ló fi ṣí i. Ó rọra fi ẹsẹ̀ kan án, máṣíìnì figbe bọnu, ó sáré dé etí aṣọ kó tó mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì kò gbà pé iṣẹ́ ti tán, ó ń lọ sókè sódò nílẹ̀ lásán.

"Ìyá Bọ́tìnì, ijó wo lẹ ń jó yẹn?" Onígbàjámọ̀ bi í láti ìsọ̀ kejì.

"Ijó ìsinmi ni, olórí dídán!"

Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ wá gbé ṣòkòtò rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó yí po níwájú dígí, ó gbéra ńlẹ̀. Lójijì ó di ìdí mú.

"Màmá, bọ́tìnì ìbàdí ẹ̀ dà?"

Gbogbo wọn wo àwo kékeré náà. Bọ́tìnì dúdú kan jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́, èyí tí ilé iṣẹ́ tó rán ṣòkòtò fọwọ́ ara wọn kàn mọ́ ọn. Ìyá Bọ́tìnì kò mọ ìgbà tí ọwọ́ òun tú u.

"Ó ti sanwó, ẹ jọ̀ọ́!" Ẹ̀rín ti tẹ́ Onígbàjámọ̀ sílẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà. "Lójú báńkì ló ti sanwó!"

Ìyá Bọ́tìnì fi ọwọ́ bo ojú, ejìká rẹ̀ ń mì tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó mú abẹ́rẹ́, ó kan bọ́tìnì mọ́ ọn, ó fi eyín já òwú.