Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Fi Kún Ọjọ́ Orí Ọmọ Mi

Àfọwọ́fà ni. Ẹ má bá mi bú ọlọ́pàá, ẹ má bá mi bú adájọ́.

Ọmọ mi obìnrin pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dún tó parí ẹ̀kọ́ girama. Ó mọ̀wé débi pé ara ń ta àwọn kan. Àmọ́ wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kì í gba ọmọdé. Ta ni kò mọ ọgbọ́n rẹ̀ l'Órìn, ìlú wa? O ó lọ sí kóòtù, o ó gbé Bíbélì dání, o ó búra pé ọmọ rẹ ti pé méjìdínlógún, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á sì lu òǹtẹ̀ sí i. Mo búra. Mo délé, mo ju káàdì ìrìbọmi rẹ̀, tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà nínú rẹ̀, sínú iná tí mo fi ń se iṣu, kí ìwé méjì má baà máa ta ko ara wọn. Mo wá pe ọmọ jókòó.

"Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ọjọ́ orí rẹ, kí lo máa wí?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mà."

Mo gbá a létí. "Kí lo máa wí?"

"Méjìdínlógún, mà."

Láràárọ̀ ni mo ń bi í, títí kò fi ṣì í sọ mọ́.

Kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ náà tí ìjà fi ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ lọ tirẹ̀. Ọmọ mi ti ọmọ ẹlòmíràn ṣubú, apá ìyẹn sì kán. A bẹ̀, a bẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù.

Ìwé ńlá méjì wà lórí tábìlì akọ̀wé kóòtù. Bàbá akọ̀wé náà fi sùúrù ṣàlàyé fún mi. Ẹni tí kò bá tíì pé méjìdínlógún, ìwé àwọn ọmọdé ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sí. Inú yàrá ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń dá a padà fún òbí. Ẹni tó bá ti pé, ìwé kejì ni. Ìyẹn á dúró níwájú gbogbo ayé, á sì lọ dúró de ẹjọ́ lẹ́wọ̀n láàárín àwọn àgbà.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, sà!"

Ó fa ìwé ìbúra mi yọ. "Ìyá, èmi náà ni mo kọ èyí fún yín. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i."

Mo ní irọ́ ni mo pa, kí wọ́n ti èmi mọ́lé.

"Káàdì ìrìbọmi ńkọ́?"

Yéè! Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Kí ni mo fẹ́ mú fún un?

Àánú mi ṣe é. Ó ní òun á bi ọmọ náà fúnra rẹ̀. Bó bá lè sọ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lòun, òun á bẹ adájọ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ síbikíbi. Ó ní kí n má la ẹnu.

Wọ́n mú ọmọ mi wọlé láti ìta. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

Ó wò mí lójú. Mo yára gbé ọwọ́ sókè kí n fi ìka ṣàpèjúwe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún un.

Ó fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Méjìdínlógún, sà."