Kìnnìún Ojúde Wa

Mi ò lè rí sìmẹ́ǹtì tútù kí n má rántí bàbá mi àgbà, bíríkìlà ní Ìkirè láyé òyìnbó, nígbà tí kòkó gbówó lórí. Àwọn ni wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ ère kìnnìún sí ojúde wa. Àwọn kan ní ajá ni. Ìyàwó ilé kejì ní àgùntàn ni.

Bàbá kì í jiyàn. Wọ́n á kàn ní, "Ta ló ti rí kìnnìún rí nínú yín?" Kò sí. "Ó dáa, ẹ jẹun ná."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n parí àríyànjiyàn náà lẹ́yìn òun, ni oníkálùkù bá ń gbé oúnjẹ rẹ̀ wá sídìí ère nírọ̀lẹ́. Kódà àwọn méjì tí wọ́n jà torí ààlà oko kòkó ń jẹun nínú abọ́ kan, torí pé ajá làwọn méjèèjì pè é.

Lọ́jọ́ kan, sójà kan ará Àpòmù tó ti ogun dé ní òun fojú ara òun rí kìnnìún ní Kẹ́ńyà. Gbogbo ọwọ́ dúró nínú abọ́.

Bàbá bu omi fún un. "Fọwọ́ ná, ọmọ mi."

Ó jẹ iṣu, ó jẹ ẹran. Ó wo ère náà títí, ó wo àwọn tó jókòó yí i ká. Ó ní, "Ilẹ̀ ti ń ṣú. N ó padà wá wò ó lọ́la."