Olùgbọ́ Inú Ọkọ̀ Abẹ́ Omi

Ní ọ̀sán Sátidé, bí mo bá ti dáná tán, mo máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá ọmọbìnrin mi, mo máa ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó fi sílẹ̀, mo máa ń fi ohun ìgbọ́ràn bo etí, mo sì di atukọ̀ abẹ́ omi. Kétu la wà. Òkun jìnnà sí wa. Kànga wa pàápàá, okùn gígùn la fi ń fa omi rẹ̀.

Eré orí kọ̀ǹpútà tí ọmọ mi ń ṣe ni. Kánádà ló wà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wà ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́, wọ́n sì ń pàdé nínú ọkọ̀ náà. Òun ni kọ̀mándà. Nígbà tí ẹnìkẹrin wọn ṣègbéyàwó tó sì kúrò, ọmọ mi ní, “Ìyá, ẹ wá gbapò rẹ̀. Etí tó ń gbọ́ ọmọrí ìkòkò ẹran láti ẹ̀yìnkùlé, kò sí ọ̀tá tó lè sá fún un.” Bí mo ṣe di olùgbọ́ nìyẹn: mò ń fetí wá ọkọ̀ ọ̀tá, mò ń sọ ibi tó wà.

Òfin wọn le. Bí ọkọ̀ bá ti wọ abẹ́ omi, kò sí ìyá, kò sí ọmọ, a kò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ilé. Bí ọkọ̀ ogun bá wà lókè wa, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ti pa gbogbo wa. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ bóyá a sọ̀rọ̀. Àdéhùn tiwọn ni, wọ́n sì ń pa á mọ́ bí èèwọ̀. Bí eré bá parí, ọmọ mi a sáré lọ síbi iṣẹ́. Ìbéèrè kan wà lọ́kàn mi, n kò rí ibi bi í: ṣé yóò wálé lọ́dún yìí?

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ ogun dúró sórí wa. Kọ̀mándà ní ká dákẹ́, a dákẹ́. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ọ̀tá náà, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ìgbà náà ni ọmọ mi wúkọ́. Ó tún wú u, ikọ́ gbígbẹ tó ti inú àyà wá.

“Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi.” Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀.

“Ó parí! Màmá ti pa wá!” ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti Kútọnu kígbe.

Ti Àjàṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín: “Ọkọ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ bọ́ǹbù, pẹ̀lẹ́ ló mú un rì! Kọ̀mándà ló kúkú kọ́kọ́ wúkọ́.”

“Ikọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀!” ni ti Kútọnu fèsì.

Kọ̀mándà dá sí i: “Òfin lòfin. A ti rì.”

Àwọn méjèèjì kí mi, wọ́n lọ. Mo fẹ́ pa ẹ̀rọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọ mi.

“Ìyá, ẹ má tíì lọ. Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti kí mi ní pẹ̀lẹ́. Níbí, tí èèyàn bá wúkọ́, ṣe ni wọ́n máa ń sún sẹ́yìn.”

“Ṣé o ti lo nǹkan sí i?”

“Mo ti lò ó.”

“Ṣé wàá wálé lọ́dún yìí?”

“Rárá, Ìyá. Ìwé mi kò tíì jáde. Bí mo bá kúrò níbí, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín.”

“O ti sọ ọ́ báyìí.”

N kò pa ẹ̀rọ, òun náà kò pa tirẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe dìde, mo gbọ́ omi tó ń dà sínú ife, mo gbọ́ ṣíbí. Ẹnìkan ti ilẹ̀kùn nítòsí rẹ̀. N kò dé yàrá yẹn rí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ohun ìgbọ́ràn mọ́ etí, kí n má baà pàdánù èyíkéyìí nínú rẹ̀.