Owú Adèle Lọ́dún Tó Bá Wọn Lọ Pa Mùúsì

Ogún ọdún gbáko ni Adèle Sewap fi di ẹrù ọdẹ fún ọkọ rẹ̀, kò sì bá a lọ rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ewé bá ti ń pọ́n létí adágún wa, orí tábìlì rẹ̀ ni gbogbo ètò ti ń bẹ̀rẹ̀: ìyẹ̀fun, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, tíì, àgọ́, tàpólì, okùn, ọta ìbọn. Òun ló mọ iye epo tí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi wọn yóò mu lálọ àtàbọ̀. Oúnjẹ ló ń sè nílé ìwé abúlé wa, kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ẹnu púpọ̀. Horace ọkọ rẹ̀ kàn máa ń gbé ìbọn kọ́ èjìká ni, a sì bọ́ sínú ọkọ̀.

Ẹni tó máa ń bá Horace lọ ni Rosalie, opó àbúrò rẹ̀. Lágbègbè wa, kò sẹ́ni tó lè fi fèrè èèpo igi pe mùúsì bíi Rosalie. Akọ mùúsì ga ju ẹṣin lọ, ìwo rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, síbẹ̀ tó bá gbọ́ ohùn obìnrin yìí, á rò pé abo ló ń ké, á sì máa já igbó bọ̀. Adèle náà ń jẹ nínú ẹran ọ̀hún. Ṣùgbọ́n bí Rosalie bá ti wọlé, tó ní, “Ọkọ mi, ṣé ẹ ti fọ ìbọn yín?” bí àwọn obìnrin wa ṣe ń bá ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn ṣeré, ọ̀bẹ á dúró lọ́wọ́ Adèle.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, wọ́n tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì: Horace, Rosalie, àti Norbert ọ̀rẹ́ wọn. Èmi náà wà níbẹ̀, torí ilé kejì ni mò ń gbé. Rosalie fi ìka lé ibì kan.

“Ibi tí omi ti wọnú igbó yìí ni, ọkọ mi. Ẹ rántí ọdún tí òjò lé wa sábẹ́ ọkọ̀ tá a dojú rẹ̀ dé?”

Horace bú sẹ́rìn-ín. Adèle gbójú sókè.

“Ẹ̀yin méjèèjì, lábẹ́ ọkọ̀ kan náà?”

“Norbert náà wà níbẹ̀,” Horace yára dáhùn.

“Mi ò bi ọ́ léèrè Norbert.”

Ó fa ìwé tó kọ ẹrù sí mọ́ra, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. “Mò ń lọ. Èmi àti Horace, ọkọ̀ kan. Rosalie àti Norbert, ọkọ̀ kejì, ní òdìkejì adágún.”

“Ìyálé mi,” ni Rosalie wí, “ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé?”

“Wọn ò ní kú. Wọ́n á jẹ búrẹ́dì.”

Horace ń họ orí. “Ta ni yóò wá pe mùúsì fún wa?”

“Ṣé ìwọ ò lẹ́nu ni?”

Lọ́jọ́ kejì, Adèle wá bá mi. Ó ní, “Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Tó bá jẹ́ àlè ni, ǹ bá lé e. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè lé.”

Wọ́n lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni Horace fi pe mùúsì, ohùn rẹ̀ dà bí màlúù tí ikọ́ ń ṣe, ó ń dún dé òdìkejì. Ẹyẹ lásán kò yọjú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ohùn Rosalie gba orí omi kọjá láti òdìkejì, ó ga, ó sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Horace gbé fèrè sílẹ̀, ó kọ etí sí i. Adèle wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojú tó fi gbọ́ ohùn yẹn, kò fi gbọ́ tòun rí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àjẹ̀, tó ní kí wọ́n sọdá.

“Ìyálé mi, ṣé ẹ ti pa tiyín ni?” Rosalie ké láti ẹ̀bá iná.

“A ò rí ìrù ẹran.” Adèle kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tó fi wí pé, “Owú ni mo jẹ. Òun ni mo ṣe yà yín.”

Norbert bẹ̀rẹ̀ sí í wá igi ìdáná tí kò sọnù. Rosalie ti igi kan sínú iná.

“Mo mọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́. Ṣé ẹ rò pé èmi ò jowú yín ni? Tá a bá gúnlẹ̀ nílé, ẹ̀yin ni wọ́n ń gbé ẹran wá bá. Èmi, ilé tútù ni mò ń ṣí.”

Adèle fa ọkọ̀ gòkè. Ó ní, “Síbẹ̀, má pè é ní ọkọ mi mọ́.”

“Kí ni kí n wá máa pè é? Baba Oníkọ́?”

Horace nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Rosalie pè, akọ mùúsì ńlá kan sì jáde sínú koríko etí omi, nítòsí ibi tí Adèle lúgọ sí. Ọmọ ọdẹ ni Adèle kó tó di ìyàwó. Baba rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìbọn. Ọta kan ṣoṣo ló ná. Wọ́n fi tábà sílẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹran náà, wọ́n gbé irùngbọ̀n rẹ̀ kọ́ sórí igi bí a ṣe ń ṣe, wọ́n sì kun ún títí apá fi kú mọ́ wọn lára.

Nígbà tí wọ́n padà, ilé wọn kún. Horace ń ròyìn: “Ẹ ò gbọ́ ohùn Rosalie ni! Igi gan-an ń gbọ́!” Ó sọ ọ́, ó tún un sọ. Adèle ń bu tíì.

“Ta ló yìnbọn?” ó bèèrè.

“Ìwọ ni,” Horace dáhùn.

“Látibẹ̀ ni kó o ti máa bẹ̀rẹ̀.”

Imú mùúsì, tí àwọn àgbà wa ń jà sí torí adùn rẹ̀, Rosalie ni Adèle fi ta lọ́rẹ. Ó wá sọ fún mi lálẹ́.

“Mo fún un ní imú.”

“O ṣeun,” mo ní.

“Horace ló bá mi gbé e lọ.” Ó mu tíì díẹ̀, ó na ọrùn wo ojú fèrèsé. “Ó ti pẹ́ jù níbẹ̀.”