Kòkòrò Inú Ìgò Kìíní

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí nígbà tí mo tún ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ṣe lẹ́ẹ̀kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Richardson, nítòsí Dallas, ní Amẹ́ríkà. Mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá tún fìdí rẹmi, wọn ò ní gbà mí síbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Olùkọ́ wa kó wa kúrò ní Dallas láàárọ̀ lọ síbi ìsun omi gbígbóná kan. Nínú omi náà, ohun yíyọ̀ kan tẹ́ sórí òkúta bí ẹní. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán ò lè rí ló para pọ̀ di ẹní ọ̀hún. Olùkọ́ ní àwọn tó wà lójú ìsun, níbi tí omi ti gbóná jù, yàtọ̀ sí àwọn tó wà létí, níbi tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí a bù wọ́n sí ìgò márùn-ún. Kí ìgò kìíní jẹ́ ti ojú ìsun, kí ìkarùn-ún jẹ́ ti etí.

Ọmọbìnrin Yorùbá kan láti McKinney ni wọ́n fi mí pọ̀ mọ́. Kò jẹ́ kí n lóṣòó.

"Ẹ fi sílẹ̀, Dádì. Ọmọ yín wà níbí."

Òun ń bù, èmi ń kọ nọ́ńbà sára ìgò.

Lọ́jọ́ kejì, a wo ìgò kìíní lábẹ́ maikirosíkóòpù. Kòkòrò kan ń jó kiri nínú rẹ̀. Olùkọ́ náà wò ó.

"Omi tó lè se ẹyin ni kòkòrò yìí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀?"

Mo wo ọmọ náà. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Dádì. Etí omi ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo rí i pé ẹ kọ ọ́ sódì."

"O ò sì sọ̀rọ̀?"

"Ṣé kí n wá sọ fún yín pé ẹ ò mọ nọ́ńbà kọ ni? Màmá mi á pa mí!"

Ẹ̀rín pa mí. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kò sẹ́ni tó ń sọ fún mi pé mo ṣì í. Nígbà ayé rẹ̀, kì í tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́.

Ọmọ náà yọ fóònù rẹ̀. Ó ti ya fọ́tò ibi kọ̀ọ̀kan, ó sì ti kọ bí omi ibẹ̀ ṣe gbóná tó. Olùkọ́ fi wọ́n wé àwọn ìgò náà. Ó ní kí a tún nọ́ńbà kọ, kí a sì jẹ́wọ́ àṣìṣe náà nínú ìjábọ̀ wa.

Mo bẹ ọmọ náà pé bí mo bá tún ṣì í, kó sọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìjábọ̀: àṣìṣe díẹ̀ wáyé. Ó fa kọ̀ǹpútà náà mọ́ra.

"Kì í ṣe díẹ̀ o, Dádì. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni. Ìgò kẹta nìkan ló ṣe déédéé."

Mo pa ọ̀rọ̀ náà, díẹ̀, rẹ́, mo sì kọ mẹ́rin. A yege nínú ẹ̀kọ́ náà.